"Ṣe Bó O Ti Mọ, Ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n": Ṣé Dandan Ni Kí Èèyàn Ra Gbogbo Aṣọ Ẹbí?

Arábìnrin kan ló béèrè. Ó fẹ́ yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀ láti fi ra aṣọ ẹbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó ní kì í ṣe àkọ́kọ́, pé òun kì í lè sọ pé rárá kí inú má bàa bí ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ gbọ́, kò bá a jà, ó kàn ní, "Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n." Ó fẹ́ mọ ìtumọ̀ òwe náà, àti bóyá àṣà wa fàyè gba kí èèyàn kọ aṣọ ẹbí láìjẹ́ pé wọ́n á pè é ní ahun.

Ẹ kú ìbéèrè o. Abẹ́òkúta ni Ṣàpọ́n wà, àdúgbò ọjà àti ìṣòwò ni, kò jìnnà sí Ìtọ́kù tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ẹlẹ́wà tó bá ń tajà níbẹ̀ á rí èrò lójú, ó sì lè wù ú kó gbé ìkòkò tó ju agbára rẹ̀ lọ kaná. Òwe náà ń sọ fún un pé kó se ìwọ̀n tí owó rẹ̀ ká. Ẹ wò ó dáadáa: kò ní kó palẹ̀ ọjà mọ́, kò ní kó má ṣe. Ó ní kó ṣe, kó ṣe é dé ibi tí apá rẹ̀ mọ. Nítorí náà ìyá yín ò sọ pé kí ẹ já ọ̀rẹ́ yín jù sílẹ̀.

Mo tilẹ̀ rò pé ìyá yín fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú yín ni. Òwe mìíràn wà tó le ju èyí lọ: "Fáàrí àṣejù, oko olówó ní í múni lọ." Oko ìwọ̀fà ni wọ́n ń wí. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún olówó, á máa bá a roko. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ yẹn kì í dín gbèsè kù rárá, èlé lásán ló dúró fún. Ọdún lè gorí ọdún kí iye tí wọ́n yá ṣì pé pérépéré. Ìnáwó òkú àti ìgbéyàwó sì wà lára ohun tó ń gbé èèyàn débẹ̀, ìyẹn ni pé nítorí kí ayé má bàa wí, ọmọ olọ́mọ á lọ máa kọ ebè fún ẹlòmíràn. Lóde òní, ẹ ti gbọ́ ti àwọn ayánilówó orí fóònù tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sín ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù onígbèsè. Ojú ayé tí onítọ̀hún yáwó torí rẹ̀ náà ni wọ́n á tún fi dójú tì í.

Aṣọ ẹbí ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́, ti ẹbí ni. Níbi òkú tàbí ìgbéyàwó tí èrò ti pọ̀, aṣọ kan náà lára àwọn ọmọ àti ìbátan ni àlejò fi ń mọ ẹni tó yẹ kí òun kí. Ẹgbẹ́ náà ní tiwọn, àǹkóò, láàárín àwọn tó jọ dàgbà. Ó pẹ́ kó tó wá dà bó ṣe dà yìí, tí ẹni tí a kàn jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ á fi í sórí WhatsApp: léèsì yáàdì márùn-ún, gèlè, iye owó, nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹni tó bá ti san, wọ́n á fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ kí gbogbo ẹgbẹ́ lè rí i. Lọ́jọ́ ìnáwó, ẹni tó ń gbé oúnjẹ káàkiri á kọ́kọ́ wo ọrùn yín kó tó gbé abọ́ kalẹ̀. Èyí dùn mí gan-an. Kò bá ìwà Yorùbá mu kí àlejò tó wá báni yọ̀ fi ebi padà sílé nítorí aṣọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín lè ní "ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n rírìn ni òwe náà wí, kò dárúkọ léèsì. Nígbà tí àwọn ìyá wa ń bára wọn rìn, ẹni tí kò lówó á ti dé lálẹ́ àná ìnáwó, á bá wọn ṣa ìrẹsì, á bá wọn gbo ewé, á pọn ọmọ alásè kó lè ráyè dáná. Wọ́n kì í gbàgbé irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ti "rárá" tí kò ṣeé sọ lẹ́nu yín yẹn ló ká mi lára jù. A máa ń ní kí èèyàn fẹ̀jẹ̀ sínú, kó tutọ́ funfun jáde. Ìfaradà ni, ó sì níyì nígbà tí ọ̀tá bá ń retí kí ọ̀rọ̀ ilé ẹni tú síta. Àmọ́ àwọn obìnrin la ń di èyí tó pọ̀ jù lé lórí, títí ẹ̀rín ẹnu wọn á fi di iṣẹ́. Léèsì kò tó ohun tí èèyàn ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì fún.

Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín lórí fóònù, ẹ má kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp. Ẹ má purọ́ pé ẹ ń rìnrìn àjò. Ẹ kọ́kọ́ kí i kú ìmúra, kí ẹ wá sọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, owó aṣọ yìí ò sí lọ́wọ́ mi báyìí, mi ò sì fẹ́ yáwó. Màá wọ èyí tí mo ní nílé tó bá àwọ̀ yín mu, màá sì wá bá ẹ ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Jímọ̀." Tó bá jẹ́ àgbà ló ń náwó, ẹ lọ kí i nílé, ẹ kúnlẹ̀, tàbí kí ìyá yín bá yín gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú rẹ̀. Tí wọ́n bá gbà, ó dáa. Tí wọ́n bá bínú, ẹ ṣì lọ síbi ìnáwó náà, kí ẹ sì tètè dé.