Páálí fóònù àtijọ́: bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní fóònù àtijọ́, ṣájà àti wáyà kún páálí kan nílé yín l'Ógbòmọ̀ṣọ́, bátìrì kan ti wú nínú wọn, ẹni tó ń ra kọ́ńdẹ̀mù sì fẹ́ fi ìwọ̀n gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Inú àpò kan náà ni bátìrì àti irin máa bá ara wọn, bí irin bá sì gún bátìrì, iná ló máa yọrí sí.

Èyí tó wú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Kẹ́míkà olómi tó wà nínú rẹ̀ ló bàjẹ́ tó di gáàsì. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un pé kó lè fọn, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà sínú fóònù, ẹ má sì ṣáàjì ẹ̀ láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ojú irin tí iná ń gbà jáde lára rẹ̀. Ẹ wá agolo mílíìkì ńlá, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí i, ẹ gbé bátìrì náà lé e, ẹ tún da iyanrìn bò ó, kí ẹ gbé e síta níbi tí oòrùn àti òjò ò dé. Ẹ má dé ọmọrí ẹ̀ pa, torí gáàsì yẹn gbọ́dọ̀ ríbi jáde.

Èyí tí kò wú, ẹ fi mítà tó ń wọn fólítì (V) wò ó. Bó bá gba iná tán, ó yẹ kó fi nǹkan bíi 4.2V hàn. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìlò ó. Bó bá ti já wá sí 3.8V, kò wúlò mọ́. Èyí tó bá sì ti lọ sísàlẹ̀ 2.5V, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín "jí i": bàbà inú rẹ̀ ti ń yọ́, bí iná bá tún wọ̀ ọ́, bàbà yẹn lè dì, kó so ìhà méjèèjì pọ̀ nínú, kó sì gbiná. BL-5C, ìyẹn bátìrì Nokia kékeré tó ṣeé yọ, tó bá ṣì dára ṣì ń rí oníbàárà, torí rédíò kéékèèké ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní 2007, Nokia kìlọ̀ pé BL-5C bíi mílíọ̀nù 46, tí wọ́n ṣe láàárín oṣù Kejìlá 2005 sí oṣù Kọkànlá 2006, lè gbóná jù bó bá ń gba iná. Èyí tó bá ti tó ọjọ́ orí yẹn, inú iyanrìn náà ni tiẹ̀.

Fóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣeé ṣí, ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ 25% kí ẹ tó gbé e fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Tákíè l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Wọ́n á fi ooru rọ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fi káàdì oníke yọ bátìrì. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ tàbí irin ṣóńṣó yọ ọ́, ẹ gba fóònù yín.

Kí fóònù tó ń tàn tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ yọ síìmù àti mẹ́mọ́rì káàdì, ẹ yọ àkántì Google kúrò nínú Settings, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ṣe reset, ìyẹn ni pé kí ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Bí ẹ bá ṣe reset láì yọ àkántì, láti Android 5.1 sókè, fóònù lè máa bi ẹni tó rà á ní password yín, wọ́n á sì gbé e padà wá bá yín. Ẹ tẹ *#06#, ẹ kọ IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó rà á. Bí wọ́n bá fi fóònù náà hùwà burúkú lọ́la, ìwé yẹn ló máa gbà yín. Síìmù tí báńkì yín so mọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ gbé àkántì báńkì yín kúrò lórí ẹ̀ ná, kí ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì gé ojú wúrà rẹ̀ sí méjì.

Àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ra ojú fóònù tí kò tíì fọ́, kámẹ́rà, sípíkà àti bọ́ọ̀dù. Owó yẹn sàn ju ti ìwọ̀n lọ fíìfíì. Ní ti wúrà táwọn kan fi ń tan àwọn ọ̀dọ́: nínú fóònù kan, wúrà ò ju nǹkan bíi 0.034 gíráàmù lọ, ìyẹn ni pé ó máa gbà tó ọgbọ̀n fóònù kó tó pé gíráàmù kan. Ásíìdì tí wọ́n fi ń yọ ọ́ máa ń tú èéfín tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, ìyókù rẹ̀ á sì lọ sí gọ́tà, kó tó dé kànga. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín kankan bá wọn ṣe é.

Bákan náà ni wáyà. Ẹ má sun ún. Rọ́bà ara rẹ̀ máa ń tú gáàsì olóró, eérú rẹ̀ á sì kù sí ibi tí àwọn ọmọdé ń ṣeré. Wáyà orí ṣájà tínrín gan-an, bíbó rẹ̀ ò mówó wá. Ẹ dì í pọ̀ bẹ́ẹ̀ tà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ ha á wò: bí inú rẹ̀ bá funfun lábẹ́ pupa, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, kò gbówó bàbà.

Agolo iyanrìn náà ni ká sọ báyìí. Láti 2011 ni òfin NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, lórí ohun èlò oníná ti di ẹrù gbígba nǹkan wọ̀nyí padà lé àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń kó o wọlé lórí. Èkó ni àwọn tó níwèé àṣẹ láti tún un lò pọ̀ sí, nítorí náà kí ẹ̀yin àti àwọn aládùúgbò kó tiyín pọ̀, kí ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì sọ fún wọn pé bátìrì tó wú wà níbẹ̀. Ẹ má fi rán dírẹ́bà láìsọ fún un.