Èsì: Ṣé a lè fi owó sàká ran àwọn tí omíyalé ṣe lọ́ṣẹ́ lọ́wọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kàbà, mo kí yín o. Ẹ béèrè bóyá a lè fi sàká, ìyẹn ọrẹ ọ̀ranyàn tí Mùsùlùmí ń yọ nínú owó rẹ̀, ran àwọn tí omíyalé sọ di aláìní ní Lọ́kọ́jà lọ́wọ́, tàbí sàárà tí a ń ṣe tinútinú nìkan ni. A lè fi ràn wọ́n lọ́wọ́ dáadáa. Súrà 9, áyà 60 nínú Kùránì, ka ọ̀nà 8 tí a lè ná sàká sí, òtòṣì, aláìní àti ajigbèsè sì wà nínú wọn. Mujahid, onímọ̀ àtijọ́, tilẹ̀ ka ẹni tí àgbàrá gbé ohun ìní rẹ̀ lọ mọ́ àwọn ajigbèsè náà.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni ohun tí a ń fi owó náà ṣe. Lẹ́yìn tí Odò Ọya kún bo ilé ní 2022, ìrẹsì dé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Adankolo ní Lọ́kọ́jà, a sì dúpẹ́, àmọ́ ẹrẹ̀ ti dí ẹ̀rọ ìlọta tó fi ń jẹun pa. Ìgbà tí jàmáà mọ́sálásí wọn kó sàká jọ, tí wọ́n fi tún ẹ̀rọ náà ṣe, ni ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ti sàárà, ẹ lè fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì pẹ̀lú, nítorí ní ilẹ̀ Òkun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, agboolé kan náà la jọ wà.