Ṣé bí àwọn ará oko ṣe ń fi iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ló ń mú kí iná ìgbẹ́ pọ̀ sí i ní agbègbè Abẹ́òkúta?

Ó wà lára ohun tó ń fà á: oko tí wọn kò ro mọ́ máa ń kún fún koríko tí iná tètè ń ràn.

Lábẹ́ kòkó tó ṣíji bolẹ̀ dáadáa, koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù. Tí olóko bá ṣí lọ sí Èkó, tàbí tó lọ ń gun ọ̀kadà nígboro, tí àwọn igi náà sì ń kú, eéran àti ewé Akíntọ́lá ni yóò gba ilẹ̀. Láàrin oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, wọ́n á gbẹ. Kò tún ní sí ẹni tí yóò ro ààlà oko, tàbí tí yóò tètè rí èéfín.

Èédú sísun, tí ọ̀pọ̀ fi rọ́pò oko, ní ewu tirẹ̀: bí erùpẹ̀ tó bo òkìtì igi náà bá ya, tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lóru, iná á jáde sínú ẹ̀ka gbígbẹ.

Ní igbó ọba Olókèméjì, láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, àdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 fi hàn pé abala tí wọn kò sun di igbó. Èyí tí wọ́n ń sun lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí di ọ̀dàn. Nítorí náà, ilẹ̀ tí iná kò bá kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lè padà di igbó tí kì í tètè jó.

Kí oṣù Kejìlá tó dé, ẹ ro etí ilẹ̀ náà ní fífẹ̀ mítà 3 sí 5, kí ẹ sì kó koríko tí ẹ gé kúrò, torí òun gan-an ló ń gbé iná kọjá.