Fún ìyàwó tí ojú ara rẹ̀ ń tì pa

Àbúrò mi, o ní ó ti lé lọ́dún kan tí o ti wọlé ọkọ ní Ọ̀ffà, síbẹ̀ ojú ara rẹ ń tì pa tí ọkọ rẹ bá fẹ́ bá ọ lò pọ̀, kò sì rí ọ̀nà wọlé. Ìyá ọkọ ní ọkọ ọ̀run ni, ẹlòmíràn ní kí o jẹ́ kí wọ́n fi abẹ là á. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn ọ́. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí jọ èyí tó ṣe èmi náà, ara mi sì ti yá.

Vaginismus ni àwọn dókítà ń pè é. Iṣan tó yí ẹnu ọ̀nà ojú ara ká ló máa ń sún kì fúnra rẹ̀ tí nǹkan bá fẹ́ wọlé, bí ojú ṣe máa ń ṣẹ́ tí eruku bá ń bọ̀. O lè fẹ́ràn ọkọ rẹ dọ́kàn, kó máa wù ọ́ gan-an, kí ibẹ̀ ṣì tì pa. Ẹ̀rù ìrora lè fà á, tàbí àrùn ojú ara, tàbí ìfipábánilòpọ̀, tàbí abẹ́ tí wọ́n dá fún èèyàn ní kékeré, èyí tí kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa ní Kwara. Ẹni tó ti bímọ rí náà lè ní in tó bá fàya nígbà ìrọbí. Nígbà míì, a kì í rí ohun tó fà á rárá.

Mo mu hàntú lọ́dọ̀ àáfà. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan, nọ́ọ̀sì ní kí n yé ṣe bí ọmọdé, ó sì ń ti irin tí wọ́n fi ń yẹ ojú ara wò bọ̀ mí lára bí mo ṣe ń pariwo. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá burú sí i, torí gbogbo ìgbà tó bá dùn wá ni iṣan yẹn túbọ̀ ń kọ́ bí yóò ṣe máa tì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ pé kí ẹ̀yin méjèèjì dáwọ́ dúró ná. Ẹ máa dì mọ́ra, ẹ máa ṣeré, ṣùgbọ́n kó má gbìyànjú àtiwọlé.

Físíò (physiotherapist), ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan, ló tún tèmi ṣe. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa mí sísàlẹ̀ ikùn, kí n sì tú ìdí sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọ̀. Nílé, màá fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, màá fi jẹ́lì sórí ọmọ ìka tó kéré jù, màá gbé e sí ẹnu ọ̀nà lásán bí mo bá ń mí síta. Màá dúró níbẹ̀ títí yóò fi dẹ̀. Ó pẹ́ kí ìka tó wọlé. Lẹ́yìn náà ló fún mi ní dilator, ìyẹn ọ̀pá dídán tí a máa ń rọra fi sójú ara kí iṣan lè mọ́ ọn lára, láti orí èyí tó kéré bí ọmọ ìka lọ sí ńlá, èmi fúnra mi ló sì ń dì í mú. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Álọ́ọ̀mù àti àgbo tí wọ́n ń tà pé ó ń mú ojú ara fún, sá fún un pátápátá! Kó dẹ̀ ni à ń wá.

UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin tó wà ní Òkè-Òyì, ní ẹ̀ka físíò. Rí dókítà àwọn obìnrin kọ́kọ́, kó yẹ̀ ọ́ wò bóyá nǹkan míì wà níbẹ̀. Kó o tó gun bẹ́ẹ̀dì, sọ ohun tó ń ṣe ọ́ fún un, kó má fi irin kankan sínú rẹ lọ́jọ́ náà. Tó o bá fẹ́ dókítà obìnrin, béèrè. Tó o bá ní kó dúró, ó gbọ́dọ̀ dúró. Mú ọkọ rẹ dání, kí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.