PHP, èdè tí mo fi kọ sáìtì mi, ń gbé "Call to undefined function" jáde, ṣé mo lè fi catch (apá kóòdù tó ń mú àṣìṣe) mú un kí sáìtì má bàa kú?
Ó ṣe é ṣe. Láti PHP 7 tó jáde ní 2015, tó o bá pe function (kóòdù tó ní orúkọ tá a fi ń pè é) tí ò sí, irú àṣìṣe tó ń jẹ́ Error ló máa ń jù, kì í ṣe Exception, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó o bá kọ catch Exception, kò ní rí nǹkan kan mú, fi Throwable, tó kó Error àti Exception pọ̀, rọ́pò Exception yẹn, wàá rí i mú. PHP 5 ní tiẹ̀, á kàn kú síbẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ mb_strlen, function tó ń ka iye lẹ́tà, lo pè, kọ́kọ́ fi function_exists yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè jẹ́ pé mbstring, àfikún PHP tí mb_strlen wà nínú ẹ̀, ò sí lórí sáfà yín. mysql_connect, function àtijọ́ tí wọ́n fi ń so PHP mọ́ database MySQL, ńkọ́? Má wulẹ̀ catch ìyẹn, wọ́n ti yọ ọ́ dànù pátápátá ní PHP 7, mysqli tàbí PDO tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ni kó o lò. __call táwọn kan máa ń dárúkọ yẹn, method, ìyẹn function inú class, nìkan ló wà fún o, kò lè mú function lásán tí ò sí.