Aago ìlú méjì ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin tó ń gbé ní Accra ṣaláìsí, ìsìnkú sì di ọ̀sán Sátidé. Ẹni tó fẹ́ bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ní a ó kúrò l'Ékòó ní aago 10:00 àárọ̀, a ó dé Accra ní 10:05. Àbọ̀ wá jẹ́ 4:00 ìrọ̀lẹ́ sí 6:05. Ó ní atẹ́gùn ló ń dá bàálù dúró lójú ọ̀nà àbọ̀, ká fi owó epo kún un. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a lè jí kúrò nílé láàárọ̀ Sátidé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ má san owó epo kankan fún ẹni yẹn.

Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà sí ti Accra, nǹkan bí 400 kìlómítà ni, àlọ àti àbọ̀. Kò sí bàálù èrò tó lè fò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Aago ìlú tí bàálù bá wà ni wọ́n máa ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì: aago Nàìjíríà fún Èkó, aago Ghánà fún Accra. Aago Ghánà sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Bí aago bá lu mọ́kànlá l'Ógbómọ̀ṣọ́, mẹ́wàá ló lù níbẹ̀.

Ẹ ro ìṣẹ́jú 5 àlọ mọ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 5 àbọ̀, kí ẹ pín in sí méjì. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Iye tí bàálù ń lò nìyẹn, títí kan yíyí tó ń yí nílẹ̀ kó tó gbéra. Lóòótọ́, atẹ́gùn lè dá bàálù dúró díẹ̀, àmọ́ lórí ọ̀nà kúkúrú bí èyí, ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Owó epo sì ti wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń dùn mí gan-an pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n ń fi èyí gbà lówó.

Bí ọ̀rọ̀ aago yìí bá ń ṣe yín ní kàyéfì, ẹ bi àwọn àgbà wa tó ṣòwò ní Ghánà kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì ní 1969. Ẹni tó bá fi mọ́tò lọ, aago Kútọnu àti tiwa dọ́gba; ó di ìgbà tó bá wọ Tógò kó tó dá aago rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Ti àárọ̀ Sátidé, ẹ gbàgbé ẹ̀. Orí ilẹ̀ ni wàhálà ìrìn-àjò yìí wà. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìkẹjà ju 200 kìlómítà lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti dé pápákọ̀ ní aago méje. A jẹ́ pé òru lẹ máa rìn, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó rin òru. Ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ fò. Ẹ mú páàsípọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Ẹ ò nílò físà.

Mi ò tíì fojú kan tíkẹ́ẹ̀tì náà, mi ò lè sọ pé ayédèrú ni, aago sì lè yí padà. Ẹ gba nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi bi ilé-iṣẹ́ bàálù fúnra wọn kí ẹ tó sanwó. Bó bá ní òun ò lè fún yín, ẹ wá ẹlòmíì.