Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Títún Ògbólógbòó Awò Awọ̀nàjíjìn Ṣe Nínú Ilé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Hartford ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé. Nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa ń kó kúrò nínú ilé rẹ̀, ó fún mi ní awò awọ̀nàjíjìn onijígí kan tó ti wà nínú gáréèjì rẹ̀ láti bí ogójì ọdún. Criterion RV-6 ni wọ́n kọ sí i lára. Jígí ńlá inú rẹ̀ ti ṣú, àbàwọ́n omi wà lára rẹ̀, etí rẹ̀ níbì kan sì ti ṣẹ́ ní ìwọ̀n èékánná. Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún, ọ̀pá tó yẹ kó máa yí sì ti gan. Mo fẹ́ tún un ṣe fúnra mi, kí n sì gbé e wá sí Ìbàdàn lọ́dún tó ń bọ̀, kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lè fi wo òṣùpá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí sì ni mo lè fi dán jígí náà?

ÌDÁHÙN: A bá yín yọ̀, nítorí ẹ̀bùn tó bọ́ sí yín lọ́wọ́ kì í ṣe kékeré. Ìlú tí ẹ̀ ń gbé yẹn gan-an ni wọ́n ti ṣe awò náà. Láàrin àwọn ọdún 1960, dọ́là 194.95 ni ilé-iṣẹ́ Criterion ń tà á. Jígí inú rẹ̀ fẹ̀ ní ìnṣì 6, ó sì ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan ní nǹkan bí ìnṣì 48 síwájú ara rẹ̀. Jígí yẹn ni awò náà gan-an. Páìpù, ẹsẹ̀ àti ọ̀pá kàn ń gbé e dúró ni. Nítorí náà, ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ dáhùn: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohunkóhun dán an.

Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kun jígí tí a fi ń wojú nínú ilé, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì ń dáàbò bo ọ̀dà náà. Ti awò awọ̀nàjíjìn kò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ni alumíníọ̀mù rẹ̀ wà ní gbangba, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè to 700 irú rẹ̀ léra kí ó tó nípọn tó fọ́nrán irun kan. Gíláàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀ tún gbẹgẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín rẹ̀ kò jìn ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin kòtò tó péye, tí ń fi ìràwọ̀ hàn kedere, àti kòtò tó kàn rí bí inú bọ́ọ̀lù, kò tó ìdá kan nínú 3,000 mìlímítà kan. Ẹni tó ń kọ ìdáhùn yìí ti fi etí aṣọ nu irú jígí bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí kò tíì mọ̀. Eruku tó wà lójú rẹ̀ ló fín in bí abẹ, àwọn ìlà náà sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Fífọ̀ ni kí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má ṣe nù ún. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sára páìpù àti ìdí jígí, kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe bá ara wọn mu tẹ́lẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ yín. Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì sí ìsàlẹ̀ abọ́ ńlá kan, ẹ gbé jígí náà lé e, kí ẹ sì jẹ́ kí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ máa ṣàn kọjá lójú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Omi yìí ló ń kó eruku líle lọ, èyí tí ìbá ha á bí a bá fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi tuntun, ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí i bí ìkán méjì, kí ẹ sì rẹ jígí náà sínú rẹ̀.

Nígbà náà ni òwú tó wọlé. Ẹ ti òwú mímọ́ bọ inú omi, ẹ jẹ́ kó fara lé ojú jígí pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀ nìkan, kí ẹ fà á láti etí kan dé èkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì jù ú nù. Ẹ mú òmíràn. Ìka yín kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ rárá. Bí òwú náà ṣe ń lọ, ó yẹ kó dà bí ewé tí omi ń gbé lọ jẹ́jẹ́. Nígbà tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ ṣan ọṣẹ kúrò, kí ẹ sì fi irú omi mímọ́ tí wọ́n ń dà sínú bátìrì ọkọ̀ ṣàn án kẹ́yìn (kì í ṣe ásíìdì bátìrì o, omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú ni). Ẹ gbé jígí náà dúró lórí etí rẹ̀, omi náà yóò sì ro kúrò. Ìkán tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ẹnu bébà ìnuwọ́ fà á mu láìjẹ́ kí bébà náà gbò ó.

Bó bá ti gbẹ, ẹ wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tan iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì wò ó láti iwájú. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ mélòó kan bí ihò abẹ́rẹ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Awò náà yóò ríran dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sáré náwó níbi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú rẹ̀ wọlé bí ó ṣe ń gba inú àwọ̀n, alumíníọ̀mù náà ti tán nìyẹn. Ẹ wá ilé-iṣẹ́ tí ń bo jígí awò. Oògùn ni wọ́n ń fi bó ti àtijọ́, wọn yóò gbé gíláàsì náà sínú àpótí irin tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọn yóò sì mú alumíníọ̀mù gbóná níbẹ̀ títí yóò fi di oru tí yóò bà lé e. Kò sí bí a ṣe lè ṣe èyí ní ilé ìdáná.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bíbò ó lọ́tun yóò ba iyì ohun àtijọ́ jẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bàbà àti tánganran ni Isaac Newton yọ́ pọ̀ ṣe jígí awò rẹ̀ ní ọdún 1668, ó sì ń ṣú, dídán ni wọ́n ń dán irú rẹ̀ lọ́tun. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fàdákà bo gíláàsì lẹ́yìn ọdún 1855, fàdákà náà ń ṣú, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Kódà, jígí oní-ìnṣì 100 tó wà lórí òkè Mount Wilson ní California, fàdákà ló wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Strong, tó fi alumíníọ̀mù bò ó ní ọdún 1935. Gíláàsì ló yẹ kó pẹ́ láyé, aṣọ ni ohun tí wọ́n fi bò ó.

Ní ti etí tó ṣẹ́, ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi nǹkan ha á. Ẹ kun ibi tó ṣẹ́ náà ní ọ̀dà dúdú tí kì í dán, kí ìmọ́lẹ̀ má baà fọ́n ká níbẹ̀. Ibi tó tó èékánná kò kó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ojú jígí yín. Ohun tó máa ń ba àwòrán jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn irin kéékèèké tó di jígí mú: bí ẹ bá fún wọn pọ̀ jù, gíláàsì yóò tẹ̀, ìràwọ̀ yóò sì máa hàn bí ohun tó ní igun mẹ́ta. Ẹ fi àyè bébà kan sílẹ̀ láàrin wọn àti gíláàsì.

Iṣẹ́ ara irin kò nira. Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ gírísì tó ti gan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tó dógùn-ún, kí ẹ sì fi gírísì tuntun sí i. Ọ̀pá tí kò bá yí, ẹ má lù ú ní òòlù. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ooru sí i títí gírísì àtijọ́ yóò fi rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá tò ó padà, ó ku kí jígí ńlá àti jígí kékeré tó wà lápá ẹnu páìpù kọjú síra wọn. Ẹ lu ihò kékeré kan sí àárín gbùngbùn ìdérí ike tó bá ibi awò ojú (gíláàsì kékeré tí a ń gbé ojú lé wò) mu, kí ẹ wo inú ihò náà, kí ẹ sì máa yí àwọn síkúrúù mẹ́ta tó wà lẹ́yìn jígí ńlá díẹ̀díẹ̀ títí òjìji jígí kékeré yóò fi dúró láàárín. Lóru, ẹ wo ìràwọ̀ kan, kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rí bàìbàì: bí àwọn òrùka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá yí àárín ká dọ́gba, iṣẹ́ ti parí.

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ló wá ṣe pàtàkì, nítorí àwọn ibi bíi Hartford ni wọ́n ṣe ẹsẹ̀ awò yín fún. Kí awò lè máa tẹ̀ lé ìràwọ̀ bí ayé ṣe ń yí, ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ sókè ní iye dígírì tí ìlú fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 42 ní Hartford, ṣùgbọ́n bíi dígírì 7 ni n'Íbàdàn. Ó ṣòro kí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó wálẹ̀ tó ìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré tí ń yí i náà kò ní bá a mu, nítorí iye ìgbà tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìrìn rẹ̀ ń tẹ̀ lé: 60 ní Amẹ́ríkà, 50 ní Nàìjíríà. Bí ẹ tilẹ̀ fi tiransifọ́mà dín agbára iná kù, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ìyára rẹ̀ ni yóò máa fi rìn, ìràwọ̀ yóò sì máa bọ́ kúrò lójú awò.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ tọ́jú ẹsẹ̀ náà sí Connecticut, kí páìpù nìkan wá sílé. Irú àpótí onípákó tí John Dobson, ọkùnrin tó ń gbé awò síta fún ará ìgboro láti wò, lò ní San Francisco nígbà ayé rẹ̀, tí ń yí sọ́tùn-ún sósì tó sì ń gbé awò sókè sódò, ni kí káfíńtà kan n'Íbàdàn kàn fún yín. Kò nílò iná, kò sì bìkítà nípa dígírì kankan. Ẹ má yan ìgbà ọyẹ́, nítorí eruku rẹ̀ ń bo ojú ọ̀run, ó sì ń bà lé jígí. Ojú ọ̀run máa ń mọ́ gan-an lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ dá. Lẹ́yìn òṣùpá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà wo Àgùàlà ní àṣálẹ́ tó bá ti súnmọ́ ilẹ̀ ayé. Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní ajá oṣù yẹn yóò hàn sí wọn ní tẹ́ẹ́rẹ́, tó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti rọ̀ lọ, ohun kan bí òwú máa ń hù lójú jígí awò ilé-ẹ̀kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ a sì ń dé e pa. Kí ni a ṣe ṣì?

ÌDÁHÙN: Dídé tí ẹ̀ ń dé e pa nígbà tí ìrì ṣì wà nínú rẹ̀ ni. Irú ohun tí ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ ni èyí, ó sì ń tú oje tó lè jẹ gíláàsì gan-an. Ẹ fọ jígí náà bí a ti ṣàlàyé lókè. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ jẹ́ kí awò gbẹ nínú yàrá kí ẹ tó dé e, ẹ má fi aṣọ tàbí awọ dì í, kí ẹ sì fi àpò hóró silica gel (irú tí ń fa ọ̀rinrin mu, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà) sínú páìpù. Nígbà tí àwọ̀ àwọn hóró náà bá yí padà, omi ti kún inú wọn nìyẹn. Ẹ yan wọ́n gbẹ lórí iná díẹ̀, ẹ ó sì tún lò wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí gíláàsì dúdú kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ awò ojú, nínú àpótí ògbólógbòó awò awọ̀nàjíjìn tí mo rà, SUN ni wọ́n kọ sí i. Ṣé mo lè fi wo oòrùn?

ÌDÁHÙN: Rárá o! Ojú kan náà tí jígí ń kó gbogbo ooru oòrùn jọ sí ni gíláàsì dúdú yẹn wà. Ó lè sán lójijì, ojú ẹni tó ń wò ó yóò sì fọ́ kí ó tó lè gbé orí kúrò. Ẹ fi òòlù fọ́ ọ lónìí, kí ẹ sì kó àfọ́kù rẹ̀ dànù, kí ọmọ kankan má baà rí i.